Suame Magazine ní Kumasi: Òṣùwọ̀n wo ló yẹ kí a fi mọ bí iṣẹ́ ṣe kó jọ sí ojú kan?

Bí ọkọ̀ ńlá kan bá bàjẹ́ ní àríwá Ghana, tàbí tí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan láti Burkina Faso bá ń wá ẹ́ńjìnnì àlòkù, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Suame Magazine ní ìlú Kumasi. Níbẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, àwọn tó ń rọ irin àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù, débi pé àlejò kì í tètè mọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí kí ti ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó máa jiyàn pé iṣẹ́ ọkọ̀ kó jọ sí Suame. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe kó jọ tó? Ṣé ó ju bí aṣọ kente ṣe kó jọ sí Bonwire lọ? Ṣé ó ju bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣe kó jọ sí Tema lọ? Ṣé ìkójọpọ̀ náà ń pọ̀ sí i ni, àbí ó ń dín kù? Ojú lásán kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Òṣùwọ̀n la nílò, òṣùwọ̀n tó sì wà kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tí a bá yàn lè yí ìdáhùn padà pátápátá.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń lò, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sọ fún wa, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lè ṣì wá lọ́nà, àti ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó mú ọ̀kan.

Báwo ni Suame ṣe di ibùdó iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà "Magazine" ti wà láti ayé ìjọba amúnisìn. Ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àyíká irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Kumasi sì ni àwọn oníṣẹ́ irin àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Bí ìlú ti ń gbòòrò, wọ́n ṣí kúrò lọ sí Suame, lójú ọ̀nà tó lọ sí Techiman àti àríwá orílẹ̀-èdè náà, orúkọ náà sì bá wọn lọ.

Ipò tí Kumasi wà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlú náà ni ìkóríta tí ọ̀nà láti etíkun ti ń pàdé ọ̀nà tó lọ sí Burkina Faso, Mali àti Niger. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Ghana dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, tí owó ilẹ̀ òkèèrè di ohun àwátì, tí ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun kò sì wọlé dáadáa mọ́, àwọn oníṣẹ́ Suame bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn rọ ohun tí wọn kò rí rà. Ní ọdún 1980, ẹ̀ka ìmọ̀ràn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi, èyí tí a mọ̀ sí KNUST lónìí, dá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Suame láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe lè lo ẹ̀rọ tó ń gé irin àti èyí tó ń yí i.

Kumasi kò mọ sí iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan. Ní àyíká ìlú náà, Bonwire ni a mọ̀ fún kente, Ntonso fún aṣọ adinkra, Ahwiaa fún igi gbígbẹ́. Ẹni tó bá ti rìn dé Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti ń hun aṣọ òkè, tàbí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń ta àdìrẹ, tàbí ọjà kọ̀ǹpútà ní Òtìgbà, Ìkẹjà, kò ní ṣàì mọ irú ohun tí à ń sọ. Iṣẹ́ kan náà, ojú kan náà, ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Kí ló ń fa kí iṣẹ́ kó jọ?

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Marshall, ló fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tí a ṣì ń lò títí di òní, nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1890. Ó tọ́ka sí ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń wà ní àrọ́wọ́tó níbi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí, òṣìṣẹ́ tó bá sì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lè rí òmíràn láì kó ẹrù kúrò nílùú. Èkejì ni pé àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àti ohun èlò máa ń wá síbi tí oníbàárà wọn bá pọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni pé ìmọ̀ máa ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn: bí ọ̀gá kan bá rí ọgbọ́n tuntun dá lónìí, kò ní pẹ́ tí ará ìhà kejì yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní Suame. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tún lè kó jọ nítorí nǹkan mìíràn tí kò kan ìdí mẹ́ta yìí: nítorí pé ìjọba ló kó wọn síbẹ̀, nítorí pé ohun àmúṣọrọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, tàbí nítorí kòńgẹ́ lásán. Òṣùwọ̀n tó dára gbọ́dọ̀ lè ya kòńgẹ́ sọ́tọ̀.

Kí ló kan mẹ̀kúnnù nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Nọ́ńbà ni ìjọba máa ń wò kí ó tó pinnu ibi tí iná mànàmáná, ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti owó ìrànwọ́ yóò lọ. Ní ọdún 2017, ìjọba Ghana bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní One District One Factory, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ tàn káàkiri. Èrò kejì, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ náà ń gbé lárugẹ, ni pé ibi tí iṣẹ́ bá ti kó jọ ni kí a ti fún un lókun, nítorí pé ibẹ̀ ni òye ti ń gbilẹ̀.

Èrò wo ló bá iṣẹ́ wo mu? Kò sí ẹni tó lè dáhùn láì kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó kó jọ nítòótọ́ àti èyí tó kàn dà bí ẹni pé ó kó jọ. Bí òṣùwọ̀n bá tàsé, owó ìlú lè lọ síbi tí kò yẹ, àwọn tó yẹ kó jàǹfààní sì lè máa wòran.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: ìpín tí a fi wé ìpín

Èyí tó rọrùn jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní location quotient. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Philip Sargant Florence, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1930 sí 1940. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: ìpín tí iṣẹ́ yìí kó nínú iṣẹ́ àdúgbò yìí, ṣé ó ju ìpín tó kó ní gbogbo orílẹ̀-èdè lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kì í ṣe iye gidi ni a fẹ́ lò, a kàn fẹ́ kí ó yé wa ni. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ 100,000 ló wà ní àgbègbè kan, tí 12,000 nínú wọn jẹ́ mẹkáníìkì. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ká sọ pé ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ló jẹ́ mẹkáníìkì. Bí a bá fi 4 pín 12, a ó rí 3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹkáníìkì wúwo ní àgbègbè náà ní ìlọ́po mẹ́ta ju bó ṣe wúwo ní gbogbo ìlú lọ. Bí iye náà bá jẹ́ 1, àgbègbè náà kò yàtọ̀ sí ibòmíràn. Bí ó bá kéré sí 1, iṣẹ́ náà kò pọ̀ níbẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, ó sì ń dárúkọ àdúgbò ní pàtó. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Abúlé tó ní òṣìṣẹ́ 500, tí 100 nínú wọn jẹ́ mẹkáníìkì, yóò gba 5, yóò sì borí àgbègbè tó ní 12,000. Ẹni tó bá to àdúgbò gẹ́gẹ́ bí iye yìí láì wo iye ènìyàn yóò gbé adé fún ẹni tí kò jẹ ọba.

Òṣùwọ̀n kejì: àpapọ̀ ìpín tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀

Èkejì ń jẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ méjì, Herfindahl àti Hirschman. Albert Hirschman lo irú rẹ̀ fún òwò láàárín orílẹ̀-èdè ní ọdún 1945, Orris Herfindahl sì lò ó fún ilé iṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó mú ìpín tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní nínú iṣẹ́ kan, a ó fi ìpín náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bí ẹkùn mẹ́ta bá pín iṣẹ́ kan sí 0.5, 0.3 àti 0.2, a ó rí 0.25, 0.09 àti 0.04. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.38. Bí gbogbo iṣẹ́ náà bá wà ní ẹkùn kan ṣoṣo, a ó rí 1.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n yìí kò béèrè ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Ní ètò ìkànìyàn Ghana ti ọdún 2021, ènìyàn 30,832,019 ni wọ́n kà. Nínú wọn, 5,455,692 ń gbé ní ẹkùn Greater Accra, 5,440,463 sì ń gbé ní ẹkùn Ashanti, tí Kumasi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ẹkùn méjì nínú mẹ́rìndínlógún nìyí, síbẹ̀ wọ́n kó ju ìdá mẹ́ta gbogbo ará ìlú lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ pàápàá yóò dà bí ohun tó kó jọ sí Accra àti Kumasi, bẹ́ẹ̀ orí tó fẹ́ gẹrun ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn mẹkáníìkì Ghana wà ní ẹkùn Ashanti, kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé ìpín ẹkùn náà nínú iye ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Òṣùwọ̀n kẹta: Gini, Theil àti Krugman

Láti tún èyí ṣe, ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń lo òṣùwọ̀n Gini. Corrado Gini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé e jáde ní ọdún 1912 láti fi wo àìdọ́gba, irú èyí tó wà láàárín olówó àti tálákà. Nígbà tí Paul Krugman, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008, kọ ìwé kékeré rẹ̀ lórí ìrísí ilẹ̀ àti òwò ní ọdún 1991, ó lò ó láti fi wo bí iṣẹ́ ṣe kó jọ ní Amẹ́ríkà. Dípò ká fi owó ènìyàn wéra, ìpín ẹkùn nínú iṣẹ́ kan la ń fi wé ìpín rẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́. Òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà tàn ká bí gbogbo iṣẹ́ yòókù ṣe tàn ká. Bí iye náà bá ti ń súnmọ́ 1, ìkójọpọ̀ ń le sí i.

Òṣùwọ̀n Theil, tí Henri Theil gbé jáde ní ọdún 1967, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kan tí Gini kò ní. Ó lè pín àìdọ́gba sí ọ̀nà méjì: èyí tó wà láàárín ẹkùn sí ẹkùn, àti èyí tó wà nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá Ashanti ló yàtọ̀ sí àwọn ẹkùn yòókù ni, tàbí Suame ló yàtọ̀ sí ìyókù Ashanti, Theil ló máa là á fún un.

Àwọn méjèèjì ní àléébù kan náà: wọn kò mọ ẹni tó jẹ́ aládùúgbò ẹni. Bí iṣẹ́ kan bá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó fara kan ara wọn, tàbí ó wà ní méjì tí ọ̀kan wà ní etíkun tí èkejì sì wà lẹ́bàá Burkina Faso, iye kan náà ni wọn yóò fún wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fi òṣùwọ̀n Patrick Moran, tó ti wà láti ọdún 1950, kún un láti mọ̀ bóyá àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ ti pọ̀ jọ súnmọ́ ara wọn.

Òṣùwọ̀n kẹrin: kí a yọ kòńgẹ́ kúrò

Ní Tema, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń yọ́ aluminiomu, VALCO, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1967. Òun nìkan ni irú rẹ̀ ní Ghana. Bí a bá lo òṣùwọ̀n Herfindahl tàbí Gini fún iṣẹ́ aluminiomu yíyọ́, Tema yóò gbé ipò kìíní, kò sì sí iṣẹ́ tó máa bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n ṣé a lè sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ aluminiomu kó jọ sí Tema? Rárá. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè bá ara rẹ̀ kó jọ. Ibi kan ni yóò sáà wà.

Glenn Ellison àti Edward Glaeser, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ló wá ojútùú sí èyí ní ọdún 1997. Wọ́n ní kí a fojú inú wo àwọn ilé iṣẹ́ bí ẹni pé a ń sọ wọ́n bí ọ̀kọ̀ lu àwòrán ilẹ̀, tí ibi tó tóbi sì rọrùn láti bà ju ibi kékeré lọ. Bí ọ̀kọ̀ bá jẹ́ mẹ́ta péré, kò ṣòro kí wọ́n bà sí ojú kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí wọ́n sì bà sí ojú kan, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń fà wọ́n. Nítorí náà, òṣùwọ̀n wọn máa ń yọ iye tó yẹ kí kòńgẹ́ fà kúrò, gẹ́gẹ́ bí iye ilé iṣẹ́ tó wà àti bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹkùn mẹ́ta wa. Ìpín wọn nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ni 0.5, 0.3 àti 0.2. Ká sọ pé ìpín wọn nínú gbogbo iṣẹ́ jẹ́ 0.4, 0.35 àti 0.25. A ó wo ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì rò ó pọ̀: 0.01, 0.0025 àti 0.0025, èyí tó jẹ́ 0.015. Lẹ́yìn náà, a ó mú ìpín gbogbo iṣẹ́, a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó rí 0.345 lápapọ̀. Bí a bá yọ ọ́ nínú 1, ó ku 0.655. Bí a bá fi 0.655 pín 0.015, a ó rí bíi 0.0229.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké 10,000 tó dọ́gba, iye tí a ó yọ fún kòńgẹ́ jẹ́ 0.0001, ohun tó ṣẹ́kù sì jẹ́ nǹkan bíi 0.023. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ 20 péré tó dọ́gba, iye tí a ó yọ jẹ́ 0.05, ìyókù ni a ó sì fi 0.95 pín. Iye tí a ó rí yóò lọ sí abẹ́ òdo, nǹkan bíi -0.029. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà tilẹ̀ tàn ká ju bí kòńgẹ́ ṣe máa tàn án ká lọ. Ìpín kan náà, ẹkùn kan náà, ìdáhùn méjì tó takora.

Nínú iṣẹ́ Ellison àti Glaeser, wọ́n ka iye tó bá kéré sí 0.02 sí ìkójọpọ̀ tí kò le, èyí tó bá ju 0.05 lọ sí èyí tó le gan-an. Fún ibi bíi Suame, tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá kéékèèké, òṣùwọ̀n yìí ló ń ṣe ìdájọ́ òdodo jù láàárín òun àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Tema.

Ìdẹkùn ààlà

Gbogbo òṣùwọ̀n tí a ti kà títí di ìsinsìnyí ló ní ọ̀tá kan náà, ìyẹn ààlà tí ìjọba fà sórí ilẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n gé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun jáde lára ìjọba ìlú Kumasi. Suame jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Asokwa, Oforikrom, Kwadaso àti Old Tafo. Ṣáájú ìgbà náà, a máa ń ka mẹkáníìkì Suame mọ́ àwọn alájàpá, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì gbogbo Kumasi. Lẹ́yìn rẹ̀, Suame dá dúró, ìpín iṣẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga sókè lójú ìwé. Kò sí mẹkáníìkì kan tó kúrò níbi tó wà, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan tó kún un. Gègé ló yí ibi tó fà sí padà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019, nígbà tí ẹkùn Ghana kúrò ní mẹ́wàá tó di mẹ́rìndínlógún. Brong-Ahafo nìkan di mẹ́ta: Bono, Bono East àti Ahafo. Olùwádìí tó bá fi òṣùwọ̀n ọdún 2010 wé ti ọdún 2021 láì da àwọn ẹkùn padà sí bákan náà yóò rí àyípadà tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kí ó pa àwọn ẹkùn tuntun pọ̀ padà sí mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀, kí ó tó ṣe ìfiwéra kankan.

Òṣùwọ̀n karùn-ún: kí a wọn ìjìnnà fúnra rẹ̀

Gilles Duranton àti Henry Overman ní kí a gbàgbé ààlà. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005 lórí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ilé iṣẹ́ ní méjì-méjì, wọ́n wọn ìjìnnà tó wà láàárín wọn, wọ́n sì wò ó bóyá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà súnmọ́ ara wọn ju bí ilé iṣẹ́ tí a ṣà lákọsẹ̀bá ṣe súnmọ́ra lọ. Wọ́n rí i pé ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ náà ló kó jọ nítòótọ́, àti pé ìkójọpọ̀ náà máa ń wáyé jù láàárín ìwọ̀n tí kò tó kìlómítà 50.

Fún Kumasi, ọ̀nà yìí wúlò gan-an, nítorí pé Suame Magazine kì í dúró níbi tí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ parí sí. Ó tún lè sọ fún wa bóyá ìkójọpọ̀ náà jẹ́ ti ojúlé sí ojúlé, ti àdúgbò, tàbí ti gbogbo ìlú. Ohun tó fi ṣòro ni pé a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà gan-an. Lóde òní, fóònù lásán tó wà lọ́wọ́ akàwé lè gba àmì ibi tó dúró sí sílẹ̀, nítorí náà ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún ìran kan ti di ohun tó ṣeé ṣe.

Àwọn wo ni wọ́n kà?

Òṣùwọ̀n kì í sàn ju ohun tí a fi bọ́ ọ lọ. Àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Ghana, Ghana Statistical Service, ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ilé iṣẹ́ ní àyíká ọdún 2014. Ilé iṣẹ́ tó lé ní 638,000 ni wọ́n kà, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló sì jẹ́ èyí tí kò fi orúkọ sílẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá ka kìkì ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sókè yóò fo ọ̀pọ̀lọpọ̀ Suame kọjá, yóò sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ Ghana wà ní Accra àti Tema.

Ìbéèrè mẹ́ta mìíràn tún wà. Àkọ́kọ́, ṣé òṣìṣẹ́ la ó kà ni, àbí ṣọ́ọ̀bù? Ọ̀gá kan ní Suame lè ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ márùn-ún tí kò gba owó oṣù. Bí a bá kà wọ́n, iye Suame yóò wú. Bí a kò bá kà wọ́n, yóò fọn. Ìyàtọ̀ irú èyí wà lára ìdí tí àwọn ìwé kan fi kọ ọ́ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Suame tó 200,000, tí àwọn mìíràn sì kọ iye tó kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀.

Èkejì, kí ni a pè ní iṣẹ́ kan? Nínú ìlànà tí àgbáyé fi ń to iṣẹ́, títún ọkọ̀ ṣe wà ní ìsọ̀rí kan, títa ẹ̀yà ọkọ̀ wà ní òmíràn, irin rírọ sì wà ní ọ̀tọ̀ pátápátá. Ní Suame, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹun nínú àwo kan. Òṣùwọ̀n tó bá ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní rí okùn tó so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí Ellison àti Glaeser, pẹ̀lú William Kerr, fi gbé ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2010 lórí bí iṣẹ́ kan àti iṣẹ́ mìíràn ṣe ń kó jọ pọ̀.

Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni wọ́n kà á? Bí ọdún méjì kò bá ka irú ènìyàn kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Nígbà náà, èwo ni ká yàn?

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni ló yẹ kó yan òṣùwọ̀n, kì í ṣe òṣùwọ̀n ló yẹ kó yan ìbéèrè. Èyí ni ohun tí a lè mú lọ:

• Bí ó bá jẹ́ pé àdúgbò kan la fẹ́ mọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, location quotient ti tó, ṣùgbọ́n kí a kọ iye òṣìṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

• Bí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan wé òmíràn, tí bí ilé iṣẹ́ wọn ṣe tóbi tó sì yàtọ̀ síra, òṣùwọ̀n Ellison àti Glaeser ló yẹ.

• Bí a kò bá mọ bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, Gini lè dúró fún un, níwọ̀n ìgbà tí a bá fi gbogbo iṣẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ ìfiwéra, tí a sì ṣọ́ra fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀.

• Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà láàárín ẹkùn ni tàbí nínú ẹkùn, Theil ni ká lò.

• Bí a bá mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà, kí a wọn ìjìnnà, kí a sì jáwọ́ nínú wàhálà ààlà.

• Ohunkóhun tí a bá yàn, kí a ṣe é pẹ̀lú òṣùwọ̀n méjì ó kéré tán, àti pẹ̀lú ààlà oríṣi méjì. Bí ìdáhùn bá dúró bákan náà, a lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ó bá ń yí padà, ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn tó yẹ kí ará ìlú gbọ́.

Ohun tí nọ́ńbà kò lè sọ

Iye gíga kì í ṣe ìyìn, iye kékeré kì í sì í ṣe èébú. Níbi tí iṣẹ́ bá ti kó jọ jù, owó ilé máa ń wọ́n, ọ̀nà máa ń dí, iná kan tó bá ràn sì lè jó ṣọ́ọ̀bù rẹpẹtẹ. Òṣùwọ̀n ń sọ bí ìkójọpọ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sọ bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀.

Kumasi ti rí èyí rí. Ní àyíká ọdún 2010, wọ́n kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tó ń ta pákó kúrò ní Anloga, nítorí ọ̀nà tuntun tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, lọ sí ibùdó tí wọ́n kọ́ fún wọn ní Sokoban. Lójú òṣùwọ̀n tó ń wo ẹkùn, kò sí ohun tó yí padà: iṣẹ́ igi wà ní Ashanti lánàá, ó wà níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n fún oníṣẹ́ igi, ibi tí oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń bá a lọ irinṣẹ́ àti ẹni tó ń ta oúnjẹ fún un ní àwìn, gbogbo rẹ̀ ló nílò àtúntò.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan Suame lọ́la, ì báà jẹ́ ọ̀nà tó fẹ́ kọjá tàbí ibùdó tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní lọ́wọ́ ni àkọsílẹ̀ tó ka ṣọ́ọ̀bù kékeré mọ́ ńlá, tó sì mọ ẹni tó ń ta nǹkan fún ẹnì kejì. Lẹ́yìn èyí ni kí òṣùwọ̀n tó wọlé.